Ọmọ Ilé Wo Ni Ọ́?

Ìbéèrè kan wà tí àgbàlagbà ilẹ̀ wa kì í ṣàì bi àlejò tí ó bá wọ ilé rẹ̀. Kò ní kọ́kọ́ bi í ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bi í bí ó ti lówó tó. Yóò ní kí ó jókòó, yóò ní kí a bu omi fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wí pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Ọmọ ilé wo?" Bí àlejò náà bá lè dáhùn, kì í pẹ́ tí àgbà náà yóò fi rántí ìyá kan tí a ti ilé tirẹ̀ fẹ́ sí ilé ẹni náà, tàbí baba kan tí wọ́n jọ ṣá oko ní ìlú tí ogun ti fọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn ni èyí. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ogun ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò ní ohun mìíràn ní ọwọ́ tí wọ́n lè fi wá ìyá wọn ju ìdáhùn ìbéèrè yìí lọ.

Mo fẹ́ sọ bí a ti ń wá ará ilé tí ó nù, èmi yóò sì fi ẹnìkan tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni náà ni Samuel Àjàyí Crowther. A mọ̀ ọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù, a mọ̀ ọ́n ní ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí Bíbélì èdè wa. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kì í rántí ni pé ọmọ Òkè-Ògùn ni, àti pé fún nǹkan bí ọdún 25 ni ìyá rẹ̀ fi kà á mọ́ àwọn tí ó ti nù.

Òṣoògùn ni ìlú rẹ̀, ní ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn, ìrìn bí ọjọ́ kan. Ìlú olódi ni ní ìgbà náà. Bí Àjàyí ti rántí rẹ̀ ní ìgbà tí ó dàgbà, ó ní ẹnubodè mẹ́fà, ó sì lè kó ọkùnrin ogun bí 3,000 jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ìyá rẹ̀ ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ariwo ta pé ogun dé. Ọmọ náà tó nǹkan bí ọdún 12 tàbí 13. Àwọn tí ó kó wọn kì í ṣe ará ilẹ̀ òkèèrè: àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ni, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Èdè tí à ń sọ ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Baba Àjàyí sáré wọlé, ó ṣe àmì fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sí ibi tí wọ́n gbé ń jà. Ọmọ rẹ̀ kò tún fojú kàn án mọ́ títí ayé. Ìyá náà, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, Àjàyí pẹ̀lú ọmọ ìbátan wọn kan, wọ́n gbìyànjú láti gba inú igbó ẹ̀gún sá lọ. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n níbẹ̀. A fi okùn sí wọn lọ́rùn, a so wọ́n mọ́ra bí ewúrẹ́ tí à ń dà lọ sí ọjà.

Ní òru ọjọ́ náà ni wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, níbẹ̀ ni a sì ti pín wọn. Àjàyí pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ olórí ogun, ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kan náà wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn. Lẹ́yìn oṣù méjì ó dá a padà, ọmọ náà sì padà sí ọwọ́ olówó rẹ̀ ìṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ibí yìí sáré nígbà tí ẹ bá ń ka ìtàn yìí fún ọmọ. Ẹṣin tí kò dára ni ó mú kí Àjàyí tún rí ìyá rẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n mú un dé ìlú tí a ń pè ní Dàdá, ó bá ìyá àti àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n mú un lọ sí Ìjàyè, ó sì yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pátápátá.

Láti Ìjàyè ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Obìnrin kan tí ń ṣe òwò rà á, ẹ̀rù sì ń bà á pé yóò tà á fún àwọn Pọtogí ní etí òkun. Ó rò ó ní òru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó. Níbẹ̀ ni àwọn Pọtogí gbé fi í sínú ọkọ̀ Esperanza Felix pẹ̀lú ènìyàn tí gbogbo wọn jẹ́ 187. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon, tí Captain Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mú ọkọ̀ ẹrú náà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 1822. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún náà ni ọmọ Òṣoògùn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Freetown ní Sàró.

Ìwọ òǹkàwé, dá ọwọ́ dúró díẹ̀ kí o wo ohun tí ó kù ní ọwọ́ ọmọ yìí. Kò ní ìwé, kò ní aṣọ. Ó ní orúkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, èyí tí a ń sọ ọmọ tí ó bá dojúbolẹ̀ wáyé. Àjàyí sì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ju kí orúkọ náà nìkan tọ́ka ènìyàn lọ. Ó ní orúkọ ìlú rẹ̀. Ó ní orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ. Ó sì ní orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n mú un kọjá, ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́ ní Fourah Bay, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà fún Àlùfáà William Jowett ti ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 16 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ Ìṣẹ́yìn, Dàdá àti Ìjàyè wà níbẹ̀, ibi tí ó ti sùn àti iye oṣù tí ó lò. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti gbàgbé wọn ni, àwa náà kì bá tí mọ̀ wọ́n.

Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown náà ní ìwé tiwọn. Láti ọdún 1808 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí a gbà nínú ọkọ̀ ẹrú. Akọ̀wé a jókòó, a pe ènìyàn síwájú, a kọ nọ́ńbà sí i, a kọ orúkọ rẹ̀, bí ó ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí tí ó dà bí ẹni pé ó ní, àti gíga rẹ̀. Ní ọdún púpọ̀ wọ́n a tún kọ ilà tàbí àpá tí ó wà ní ara rẹ̀. Akọ̀wé náà kò gbọ́ Yorùbá. Bí orúkọ bá ti dún sí etí rẹ̀ ni ó kọ ọ́, láìsí àmì ohùn kankan. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè di ọ̀kan lábẹ́ kálàmù rẹ̀, ọ̀kan sì lè di mẹ́ta. Lónìí, àwọn onímọ̀ ìtàn ti kó orúkọ tí ó lé ní 90,000 jọ láti inú ìwé Freetown àti irú rẹ̀ tí a kọ ní Havana ní Kúbà. Ẹni tí ó gbọ́ èdè wa ni ó lè pè wọ́n kí wọ́n tún dún bí orúkọ.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pin sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú nìkan. Láàárín 1788 sí 1868, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹlẹ́wọ̀n tí ó lé ní 160,000 lọ sí Ọsirélíà, àwọn akọ̀wé sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, àwọ̀ irun àti àpá ara wọn sílẹ̀, kí a lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá sá. Ohun tí a kọ láti fi ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn fi ń wá baba ńlá wọn kiri lónìí. Ní ilẹ̀ kan náà, àwọn tí ó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé ní ẹ̀dùn ọkàn tí ó sún mọ́ tiwa jù. Ìjọba a máa gba àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ ìyá, a kó wọn sí ilé ìtọ́jú àti sọ́dọ̀ òyìnbó, èyí sì ń bá a lọ títí di nǹkan bí ọdún 1970. Láti ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Link-Up ti ń ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti rí ìdílé wọn, ní ọdún 1997 sì ni ìròhìn ńlá kan jáde ní ilẹ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀rí àwọn ìyá wọ̀nyẹn yóò mọ̀ pé Àfàlà, ìyá Àjàyí, kò dá nìkan wà ní ayé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Sàró. Kì í ṣe ìwé ìjọba ni àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ fi rí ara wọn. Ìkíni ni wọ́n fi rí ara wọn. Nítorí pé wọn a máa wí pé "ẹ kú" ní òwúrọ̀, "ẹ kú" ní ọ̀sán, "ẹ kú" ní alẹ́, àwọn ẹ̀yà yòókù sọ wọ́n ní Akú. Ará Ẹ̀gbá, ará Ìjẹ̀ṣà, ará Ọ̀yọ́, àwọn tí ó ti ń bá ara wọn jà ní ilé, Akú ni gbogbo wọn ní Freetown. Nínú Akú yìí ni olúkúlùkù tún ti ń wá ará ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun kò lè gúnlẹ̀ kí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ má lọ wo ojú àwọn tí ó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n wo ilà, kí wọ́n gbọ́ ohùn, kí wọ́n bi wọ́n ní ìlú. Òyìnbó Jámánì kan, Sigismund Koelle, oníṣẹ́ C.M.S., lo irú ọ̀nà yìí. Ó pe àwọn tí a gbà là wá síwájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bi olúkúlùkù ní ìlú rẹ̀, bí wọ́n ti mú un, ọdún tí ó ti kúrò ní ilé, àti iye ará ìlú rẹ̀ tí ó wà ní Sàró. Ó sì gba ọ̀rọ̀ èdè wọn sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854, èdè tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 150. Nítorí èdè ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń yìn ín. Èmi ní tèmi fẹ́ràn rẹ̀ jù nítorí àwọn ìtàn kúkúrú tí ó kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè àgbàlagbà ilé wa gan-an ni ó ń bi wọ́n.

Orúkọ tuntun tún jẹ́ ìdènà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, 1825, a ri Àjàyí bọmi, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò fojú rí rí. Ó dára, orúkọ iyì ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ ní ọjà pé ẹnìkan tí ń jẹ́ Crowther wà ní Sàró, kí ni yóò fi mọ̀ pé ọmọ òun ni? Ìdí rẹ̀ nìyí tí inú mi fi dùn pé kò sọ Àjàyí nù. Ó fi í sí àárín, ó sì ń kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ títí ó fi kú.

Láti ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí ilé nípa Èkó àti Àgbádárìgì, púpọ̀ nínú wọn sì gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní 1830. Èrò láti oríṣìíríṣìí ìlú tí ogun fọ́ wà ní ibẹ̀ àti ní abúlé rẹ̀, nítorí náà ibi ìpàdé ni. Crowther, tí a ti fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, dé Àgbádárìgì ní 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Ọ̀nà kò là fún wọn. Ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó lè kúrò níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, 1846, ni Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ni obìnrin arúgbó kan àti ọkùnrin kan dé ibi tí ó wà, wọ́n ń béèrè rẹ̀. Àfàlà ni, pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ó ní ìyá òun ń gbọ̀n nígbà tí ó rí òun, kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ti rù. Èrò pé lé wọn lórí. Nígbà tí ìyá náà rí ohùn, orúkọ ni ó fi pè é, orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ ní Òṣoògùn, Crowther sì rántí wọn dájúdájú. Ìyá àgbà náà ti kú ní oko ẹrú. Baba rẹ̀ náà ti kú sí ogun mìíràn lẹ́yìn èyí tí ó kó wọn. Ṣùgbọ́n àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì tí a mú pẹ̀lú rẹ̀ wà láàyè, wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní abúlé kan tí a ń pè ní Abàkà, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, Àfàlà sì ń tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí ó kọ ní ọjọ́ náà tí ó yẹ kí a fi etí sí. Ó ní wọ́n ti wá òun títí, wọn kò rí òun. Nítorí náà kì í ṣe pé ìyá náà jókòó tí ó ń sunkún. Ẹrú tí kò ní àṣẹ lórí ara rẹ̀ ń wá ọmọ rẹ̀, ó ń rán ènìyàn, ó ń béèrè ní ọjà, nínú ilẹ̀ tí ogun kò dáwọ́ dúró. Àwa a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọmọ ni ó padà wá rí ìyá. Èmi rò pé ìyá ni ó rí ọmọ. Òun ni ó rìn wá, òun ni ó sì ní orúkọ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1848 àwọn ará Dàhómì kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn, ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Àìná sì bọ́ sí ọwọ́ wọn. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ní 1850 Ọba Gẹ̀zò fi í ta Captain Frederick Forbes lọ́rẹ, òun sì mú un lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Forbes wo ilà ojú rẹ̀, ó sì wí pé ọmọ ilé ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n kà mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ilé wo ni. A sọ ọmọ náà ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ James Davies, Sàró kan ní Èkó, ní 1862, ó sì kú ní 1880. Ilà wà, ẹni tí yóò kà á ni kò sí.

Ní ìkángun kejì òkun ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ Clotilda ni ọkọ̀ ẹrú ìkẹyìn tí a mọ̀ pé ó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ní 1860, nígbà tí òfin ti kọ̀ ọ́ fún ohun tí ó ju ọdún 50 lọ. Láti ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí ni a ti kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn tí a dá wọn sílẹ̀, wọ́n fẹ́ padà sí ilé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ra ilẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú Mobile, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó. Ọ̀kan nínú wọn, Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, wà láàyè títí di 1935. Nígbà tí Zora Neale Hurston, obìnrin dúdú òǹkọ̀wé, lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní 1927, ó sọ orúkọ baba rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ fún un, ó sì sọ ohun tí ó ń wù ú: kí ẹnìkan lọ sí ilẹ̀ baba òun kí ó pe orúkọ òun, bóyá ẹnìkan á sì dáhùn níbẹ̀ pé òun mọ Kossola. Ìwé tí ó sọ èyí kò jáde títí di 2018.

Lónìí àwọn ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ a máa tu itọ́ sínú ìgò kékeré, wọn a fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò àbùdá ara. Ìdáhùn yóò dé pé ìdá báyìí nínú ara wọn ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá, ìdá báyìí ti ilẹ̀ Benin àti Togo wá. Ohun ńlá ni èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Àyẹ̀wò náà tilẹ̀ lè so ìbátan méjì tí wọ́n wà láàyè pọ̀, bí àwọn méjèèjì bá ti tu itọ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wọn bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ Òpó, tàbí ọmọ Ọ̀kín, tàbí ọmọ Erin. Kò lè sọ agbo ilé. Fún ìyẹn, àfi kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwa ńkọ́? Ní Òkè-Ògùn, ìlú tí ogun kò tú ká rí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ sá wá sí Ìgbòho, Kíṣì, Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, àwọn mìíràn sì kọjá lọ sí Ìjàyè. Nígbà tí Ìbàdàn sì fọ́ Ìjàyè ní 1862, wọ́n tún sá. Ẹni tí ó bá rò pé láti ìgbà ìwásẹ̀ ni ilé òun ti wà ní ojú kan, kí ó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀. Mo sọ pé ìyá àgbà, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́kọ́ lọ, pàápàá ọ̀dọ̀ baálé, òun yóò sì sọ ìtàn oyè àti ti ilẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ni ó ń ki oríkì orílẹ̀ fún ọmọ ọkọ wọn ní kùtùkùtù, nínú oríkì náà ni a gbé ń dárúkọ ìlú tí a ti ṣí kúrò, odò tí a ń mu níbẹ̀, èèwọ̀ ilé àti iṣẹ́ baba ńlá. Àjèjì ni ìyàwó ní agbo ilé, ó sì ní láti kọ́ ọ; ọmọ tí a bí síbẹ̀ rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tí ó bá sì fẹ́ lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó, ní Ìṣẹ́yìn àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀yọ́; nínú ẹkún náà ni ó ti ń ka ìdílé baba àti ti ìyá rẹ̀ ní gbangba. Bí ìgbéyàwó ti ń yípadà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sun ń dín kù. Ilà ojú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́; àbàjà, gọ̀ǹbọ́, pélé, ojú àgbàlagbà ni ó kù tí a ti ń rí wọn, mi ò sì lè sọ pé kí a tún máa fi abẹ kọ ọmọ lójú. Samuel Johnson, ẹni tí a bí ní Sàró ní 1846 fún òbí Yorùbá, kọ ìlà wọ̀nyí àti àwọn orílẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Láìsí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ì bá ti bọ́ sọnù.

Ohun kan ṣòro ju gbogbo èyí lọ, a kì í sì í fẹ́ mẹ́nu kàn án. Ẹni tí ó bá ń wá ará ilé yóò bá ẹrú pàdé ní ojú ọ̀nà. Yóò bá ìyá ìyá tí a rà, yóò bá ìwọ̀fà tí a kò rà padà, yóò sì bá baba ńlá tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń ta ènìyàn. Nínú agbo ilé púpọ̀, bí ọmọ bá béèrè jù, wọn yóò ní kí ó lọ pọn omi. Mo mọ ìdí rẹ̀: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè a máa wà lábẹ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ti fi í bú ara wọn rí. Síbẹ̀ bí a bá gé ibi tí ó dun ni kúrò, okùn náà já níbẹ̀, ẹni tí ó wà ní Kúbà tàbí ní Mobile tí ó ń fà á bọ̀ kò ní dé ibì kankan. Crowther kò gé e. Ó kọ ọ́ pé ará ilẹ̀ òun ni ó kó òun, ó kọ orúkọ Ìṣẹ́yìn síbẹ̀, Òṣoògùn àti Ìṣẹ́yìn sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà lónìí.

Àfàlà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí a ti rà á padà ní àkọ́kọ́, wọ́n tún jí i gbé bí ó ti ń lọ sí ọjà, wọ́n tún tà á, àwọn ará rẹ̀ sì tún ní láti fi owó gbà á. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, 1848, ó wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rì bọmi ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Nígbà tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864, Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon, wà nínú ìjọ tí ó ń wò ó. Ní ọdún kan náà ni Abigail, ọmọbìnrin Crowther, bí Herbert Macaulay ní Èkó. Àfàlà wà láàyè títí di 1883. Ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ-ọmọ ọmọ rẹ̀ náà sì ti di ọ̀dọ́mọkùnrin.